Omi fàdákà tí wọ́n ń ṣe nílé: ṣé ó ṣeé mu lójoojúmọ́?

Ife omi kan, wáyà fàdákà méjì, bátìrì mẹ́ta. Ẹni tó bá ti kó nǹkan wọ̀nyí jọ sórí tábìlì lè ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní colloidal silver láàárín wákàtí kan tàbí méjì, kò sì ní bèèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn kankan kó tó gbé e mu. Káàkiri ayé ni àwọn èèyàn ti ń ṣe é. Àwọn kan ń mu ṣíbí kan láàárọ̀, àwọn kan ń mu odidi ife, àwọn mìíràn ń kán an sójú tàbí kí wọ́n fín in símú, àwọn kan tiẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí o bá bi wọ́n pé kí ló ń wò, ìdáhùn wọn á gùn: ọ̀fìnkìn, ikọ́, ọgbẹ́ inú, jẹjẹrẹ, HIV, COVID-19. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ṣàìsàn kankan. Wọ́n ní àwọn ń mu ún kí àìsàn má bàa sún mọ́ àwọn ni.

Àwọn tí kò ṣàìsàn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Oògùn tí èèyàn lò fún ọjọ́ márùn-ún tó sì fi í sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń mu láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún. Tí fàdákà bá ti ń wọ ara lójoojúmọ́, ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé mélòó ló ń wọlé, mélòó ló ń jáde, níbo sì ni ìyókù ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè ìkẹta, awọ ara rẹ̀ ló lè wá dáhùn rẹ̀ fún un tó bá yá.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀

Ká má purọ́ mọ́ fàdákà. Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí lóòótọ́. Nígbà tí fàdákà bá yòrò sínú omi, ó máa ń di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ion, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti gbé agbára iná sára. Ion yìí máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì ara kòkòrò, pàápàá níbi tí sulfur bá wà, iṣẹ́ purotéènì náà á sì dàrú. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń jèrè èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Carl Credé, dókítà agbẹ̀bí kan ní Leipzig ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi silver nitrate sójú àwọn ọmọ tuntun, kí àtọ̀sí tí wọ́n lè kó lára ìyá wọn lásìkò ìbí má bàa fọ́ wọn lójú. Ó ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Albert Barnes àti Hermann Hille gbé Argyrol jáde ní Amẹ́ríkà, oògùn tí wọ́n fi fàdákà àti purotéènì pò. Owó rẹ̀ pọ̀ débi pé òun ni Barnes fi ra àwọn àwòrán olówó ńlá tó wà ní Barnes Foundation títí dòní. (Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni fàdákà ti ṣe aráyé lóore jù.)

Pẹnisílíìnì dé ní àwọn ọdún 1940, fàdákà mímu sì kógbá wọlé. Ìlò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn dókítà ni ti òde ara: ìpara silver sulfadiazine tó jáde ní 1968 fún egbò iná, báńdéèjì tó ní fàdákà nínú, rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi fàdákà bò.

Bí fàdákà bá gba ẹnu wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ásíìdì inú ikùn ní chloride nínú, chloride sì máa ń gbá fàdákà mú kíá, á sọ ọ́ di silver chloride, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò. Èyí tó bá bọ́ nínú ìyẹn á pàdé purotéènì oúnjẹ nínú ìfun, á tún pàdé ti inú ẹ̀jẹ̀. Àwo kékeré inú yàrá ìwádìí, níbi tí fàdákà ti pa kòkòrò kí ojú tó mọ́, kò ní ikùn, kò ní ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí inú àwo kò fi lè dúró fún ẹ̀rí nínú èèyàn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ìwádìí gidi kan tó fi hàn pé mímu omi fàdákà wo àìsàn kankan sàn, tàbí pé ó dènà rẹ̀. Kò tún dà bí irin tàbí zinc tí ara nílò. Fàdákà kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú ara wa, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ní àìtó rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé oògùn apakòkòrò ti ń di ohun tí kòkòrò ń fojú di, ṣùgbọ́n pé kòkòrò kankan kò lè fojú di fàdákà. Ìyẹn kì í ṣòótọ́. Ní 1975, ìròyìn jáde láti Massachusetts General Hospital ní Boston nípa kòkòrò Salmonella kan tó wọ ẹ̀ka àwọn tí iná jó, tí omi silver nitrate tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò wọn kò sì ràn án. Àwọn onímọ̀ padà rí àbùdá tó fún kòkòrò náà ní agbára yẹn, ó sì jẹ́ irú èyí tí kòkòrò kan lè fún òmíràn.

Ibi tí ìṣirò ti ń bọ́ lọ́wọ́

Ìlànà rẹ̀ kò le. Wọ́n á ki wáyà fàdákà méjì bọ inú omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ tó di omi padà. Wọ́n á so wáyà kan mọ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì mọ́ orí nẹ́gétíìfù. Bátìrì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì (volt) 9 á fún wọn ní fóòtì 27. Iná á máa la omi kọjá, fàdákà á máa yòrò kúrò lára wáyà pọ́sítíìfù. Apá kan á wà nínú omi bí ion, apá kan á kóra jọ di èérún tó kéré débi pé kò ní rì. Èérún yìí ló ń jẹ́ kí omi náà pọ́n díẹ̀ bíi yẹ́lò, ion kò ní àwọ̀ ní tiẹ̀. Àwọn kan máa ń tan iná lésà sí i nínú òkùnkùn, bí wọ́n bá rí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà nínú omi, wọ́n á ní ó dára. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ kò ju pé èérún wà níbẹ̀. Iye rẹ̀ ńkọ́? Kò sọ.

Ìwọ̀n fàdákà tó ń yòrò wà lọ́wọ́ bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó. Michael Faraday ló gbé òfin yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: mílíámpù 1 fún wákàtí 1 lè yọ fàdákà tó nǹkan bíi mílígíráàmù 4. Nínú ife mílílítà 250, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 16 nínú lítà kan, tí àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ ní 16 ppm. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé aago àti mítà iná ti tó.

Kò tó. Omi tó mọ́ kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá níbẹ̀rẹ̀. Bí fàdákà ṣe ń wọ inú rẹ̀ ni ọ̀nà ń là fún iná, tí iná ń pọ̀ sí i, tí fàdákà tó ń yòrò náà sì ń pọ̀ sí i. Wákàtí kejì kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tí oorun bá gbé lọ kó tó tú wáyà kúrò lára bátìrì ti ṣe ohun mìíràn yàtọ̀ sí ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ìgò kan náà ló máa rọ ọ́ sí. Apá kan fàdákà náà á tún lọ lẹ̀ mọ́ wáyà kejì, apá kan á di pàǹtí sísàlẹ̀ ife. Bí omi ṣe gbóná tó àti bí wáyà méjèèjì ṣe jìnnà síra tó náà ń yí èsì padà.

Àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ máa ń ju iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè yá. Lójú ẹsẹ̀ ni iná á fò sókè, chloride inú iyọ̀ á pò mọ́ fàdákà, omi á funfun bíi pé wọ́n kán mílíìkì sí i. Omi ẹ̀rọ lè ṣe irú rẹ̀ nítorí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wáyà náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: fàdákà tí wọ́n fi ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́, tí wọ́n máa ń kọ 925 sí lára, jẹ́ fàdákà ní ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Bí fàdákà bá ń yòrò, bàbà kò ní jókòó máa wò ó.

Àwọn tó ń fi ìṣọ́ra ṣe é máa ń ra mítà kékeré tí wọ́n fi ń yẹ omi mímu wò, èyí tí wọ́n ń pè ní TDS. Wọ́n á kì í bọ omi, wọ́n á ka nọ́ńbà tó gbé jáde, wọ́n á sì kọ ọ́ sára ìgò. Ìṣọ́ra wọn wù mí, ṣùgbọ́n mítà yẹn kò mọ fàdákà yàtọ̀ sí iyọ̀. Bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń wọ̀n, tó fi ń méfò iye ion. Èérún tí kò ní ion, kò rí i rárá. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò náà lè wà nítòsí òótọ́, ó sì lè jìnnà sí i gan-an, ẹni tó kọ ọ́ kò ní ọ̀nà láti mọ èwo ni, àfi tó bá gbé e lọ sí yàrá ìwádìí tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn fàdákà gan-an.

Ká fi ṣíbí wọ̀n ọ́n

Àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ní òdiwọ̀n kan fún fàdákà tó ń gba ẹnu wọlé: máíkírógíráàmù 5 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wúwo. Ìròyìn tí àwọn dókítà kọ ní 1935 ló ti wá, lórí àwọn aláìsàn syphilis, ìyẹn àrùn ìbálòpọ̀ kan, tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ oògùn onífàdákà títí awọ wọn fi yí padà. Àjọ náà wo ìwọ̀n tó kéré jù tó yí awọ ẹnì kan padà, wọ́n ṣírò ohun tó máa jẹ́ tó bá jẹ́ ẹnu ló gbà wọlé títí ọjọ́ ayé, wọ́n sì tún dín in kù kó lè gba àwọn tí ara wọn kò lè gbà á. Gbogbo fàdákà ni òdiwọ̀n yìí kó pọ̀, ti inú oúnjẹ àti ti inú omi pẹ̀lú.

Omi 10 ppm ní máíkírógíráàmù 10 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà kílò 60 ní ààyè fún 300, ìyẹn mílílítà 30, ṣíbí ìjẹun méjì péré. Ọmọ kílò 10 ní ààyè fún 50. Mílílítà 5 nìyẹn, ṣíbí tíì kan ṣoṣo. Ìyá tó bá ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ṣíbí tíì méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin òdiwọ̀n rẹ̀, ìyẹn tí omi náà bá jẹ́ 10 ppm bó ṣe rò. Bó bá jẹ́ 40, ó ti di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ojú kò lè sọ ìyàtọ̀ 10 sí 40, ahọ́n náà kò lè sọ ọ́.

Ẹ wá wo ẹni tó ń mu ife mílílítà 250 omi 10 ppm yìí lójúmọ́. Mílígíráàmù 2.5 ló ń gbé mì, ó lé ní 900 lọ́dún kan. Nínú ìlànà rẹ̀ lórí omi mímu, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka gíráàmù 10 sí àpapọ̀ tí èèyàn lè gbé mì ní gbogbo ayé rẹ̀ láìsí pé ìpalára hàn. Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni ẹni yìí máa fi jẹ ìpín gbogbo ayé rẹ̀ tán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kọjá òdiwọ̀n ni awọ rẹ̀ á yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tó dín sí i ló bọ́. Ara yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé èèyàn mọ ohun tó wà nínú ife rẹ̀, ohun tí ẹni tó ń ṣe é nílé kò sì mọ̀ gan-an nìyẹn.

Awọ eérú

Èyí tó pọ̀ jù nínú fàdákà tí a gbé mì ń bá ìgbẹ́ lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀, ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á lé lára èyí tó wọlé jáde, ìyókù á lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, èrìgì àti awọ ara. Èyí tó dé inú awọ ni ojú máa ń rí. Bí oòrùn bá tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ á sọ ion di fàdákà líle padà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lórí fíìmù fọ́tò ayé àtijọ́, tó jẹ́ pé fàdákà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Fàdákà yìí á tún so mọ́ sulfur àti selenium inú ara, á sì dúró síbẹ̀. Awọ á di àwọ̀ eérú tó ń fà sí búlúù. Argyria ni orúkọ àìsàn náà. Èrìgì, ìdí èékánná àti funfun ẹyinjú ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi í hàn, lẹ́yìn náà iwájú orí, ojú, ọrùn àti ọwọ́, ìyẹn ibi tí oòrùn ń dé. Ẹni tó ní in kì í tètè mọ̀, nítorí ó máa ń yọ́ wá ni. Àwọn tí kò tíì rí i fún ìgbà pípẹ́ ló sábà máa ń pariwo.

Stan Jones jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ayé mọ̀. Ní 1999, ìbẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé kọ̀ǹpútà máa dàrú lọ́jọ́ tí ọdún 2000 bá wọlé. Jones, ará Montana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rù pé oògùn apakòkòrò lè wọ́n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fàdákà ṣe omi tirẹ̀, ó sì ń mu ún. Ọdún 2000 dé, kọ̀ǹpútà kò dàrú, oògùn kò wọ́n. Nígbà tó fi máa dupò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà lábẹ́ ẹgbẹ́ Libertarian ní 2002, awọ rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Paul Karason, ará Amẹ́ríkà bákan náà, mu èyí tó ṣe fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tún ń fi pa ojú nítorí àìsàn awọ. Tẹlifíṣọ̀n gbé e ní 2008, gbogbo ojú rẹ̀ ti di búlúù. Ó kú ní 2013, ọmọ ọdún 62.

Ọ̀ràn Rosemary Jacobs dùn mí jù wọ́n lọ, nítorí kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Oògùn imú onífàdákà tí dókítà kọ fún un nígbà tó wà ní ọmọdé ní àwọn ọdún 1950 ló yí awọ rẹ̀ padà, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tó ń gbèjà omi fàdákà ní ìdáhùn kan, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ó dún bí òótọ́. Wọ́n ní àwọn tó di búlúù kò mọ̀ ọ́n ṣe ni: wọ́n fi iyọ̀ sí i, tàbí pé ion ni wọ́n mu, kì í ṣe èérún gidi. Wọ́n ní èérún kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Brown University ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ìrìn èérún fàdákà yìí nínú yàrá ìwádìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ásíìdì ikùn máa ń yọ ion lára èérún, ion á wọ ẹ̀jẹ̀, á so mọ́ purotéènì tó ní sulfur, á dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé nínú awọ, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á ti tún sọ ọ́ di èérún. Èérún wọlé bí èérún, ó yòrò, ó tún di èérún padà sínú awọ. Ọgbọ́n tó wà nídìí bí wọ́n ṣe ṣe é nínú ife kò jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun.

Ìdáhùn wọn kejì ni ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, níbi tí àwọn 60 tó fara wọn sílẹ̀ ti mu omi èérún fàdákà, tí àwọn dókítà kò sì rí ìyípadà kan tó ṣe pàtàkì lára wọn. Ìwádìí gidi ni. Ọjọ́ 14 ni èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, omi náà sì wá láti iléeṣẹ́, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n rí fàdákà nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ 14 dáhùn fún ọdún 14, pẹ̀lú omi tí wọn kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ti na ìwádìí náà kọjá ibi tó dé.

Èyí tí ojú kò rí

Awọ búlúù burú fún ẹni tó ní in, síbẹ̀ kì í pani. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kì í hàn sójú. Fàdákà lè dí àwọn oògùn kan lọ́wọ́ láti wọ ara: àwọn oògùn apakòkòrò kan bíi tetracycline àti ciprofloxacin wà lára wọn, levothyroxine tí àwọn tí ẹṣẹ́ thyroid wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ń lò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mu omi fàdákà láàárọ̀ pẹ̀lú oògùn thyroid rẹ̀ lè rò pé oògùn náà ló ti bàjẹ́. Àwọn dókítà tún ti kọ̀wé nípa kíndìnrín àti ọpọlọ. Ní 2004, ìwé ìròyìn Neurology gbé ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 71 kan jáde tó mu omi fàdákà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. Gìrì tí kò dáwọ́ dúró mú un, kò mọ nǹkan kan mọ́, ó sì kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Fàdákà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti nínú omi tó yí ọpọlọ rẹ̀ ká. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó ń sọ pé awọ nìkan ni fàdákà ń bà jẹ́.

Fífà á sínú ẹ̀dọ̀fóró tún léwu ju mímu lọ lójú tèmi. Ìfun ní ọ̀nà tó fi ń lé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jáde. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú rẹ̀.

Kí wá ni òfin sọ? Ní 1999, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé oògùn orí àtẹ kankan tó ní colloidal silver nínú kò sí lára ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣeé fọkàn tán tàbí pé ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á. Ohun tó fa èyí ni pé òfin Amẹ́ríkà gba kí wọ́n tà á bí àfikún oúnjẹ, tí ẹni tó ń tà á kò bá ti sọ pé ó ń wo àìsàn. Ẹni tó bá sọ ọ́ ló ń kó sí wàhálà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, bí COVID-19 ṣe ń tàn, FDA àti àjọ FTC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò kọ̀wé ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ méje, ètò tẹlifíṣọ̀n oníwàásù Jim Bakker sì wà lára wọn nítorí omi fàdákà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri pe Bakker lẹ́jọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2021 pé kí wọ́n dá nǹkan bíi dọ́là 156,000 padà fún àwọn tó rà á. Kò sí ìkankan nínú èyí tó kan ẹni tó ń fi bátìrì ṣe tirẹ̀. Kò sí àjọ tó máa wá yẹ ife rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó máa dá owó padà fún un.

Bó o bá ti ń mu ún

Dá a dúró. Kò sí pé o ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ara kì í sunkún fàdákà. Sọ fún dókítà rẹ, pàápàá bó o bá ń lo oògùn thyroid tàbí oògùn apakòkòrò, bó o bá lóyún, tàbí bó o ti ń fún ọmọdé ní in, kó o sì sọ bí ife tàbí ṣíbí ṣe pọ̀ tó àti bó ti pẹ́ tó. Wọ́n lè wọn fàdákà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Bí ohun tó o tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ àìsàn gidi, àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ó lè ti pọ̀ sí i ní gbogbo àkókò tó o rò pé o ń tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń pa èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí awọ bá ti yí padà, wọn kò tíì rí oògùn tó lè fa fàdákà náà jáde. Àwọn oògùn tí wọ́n fi ń fa òjé kúrò lára kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Àwọn dókítà awọ ti fi irú lésà kan tí wọ́n fi ń pa fínfín ara rẹ́ dá àwọ̀ àwọn aláìsàn kan padà, ìwọ̀nba ibi kékeré lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń dunni, ó sì gba ìgbà púpọ̀ kí ojú odindi tó mọ́. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìboòrùn ni ohun tó wà: fìlà, aṣọ apá gígùn, ìpara tó ń dènà oòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí àwọ̀ náà jinlẹ̀.

Ẹni tí dókítà kọ ìpara silver sulfadiazine fún lórí egbò iná, kó máa lò ó lọ bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ wà lára páálí, ojú egbò nìkan ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á sì dá a dúró nígbà tí egbò bá jiná.